Ìwé Tí Bàbá Aláago Fi Rán Ojú Ara Rẹ̀

Ìwé tí olóògbé Bàbá Aláago kọ sí dókítà ojú kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn títí di òní. Ó ti kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n sì dá a padà pé kò mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ló bá délé, ó fa bébà yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Èmi tí mo ti mọ ojú yìí fún ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo fi í ránṣẹ́ sí yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ ẹ padà."

Nígbà tó mú un padà lọ, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà kà á tán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́."

"Dókítà wo?"

"Dókítà tí ẹ máa rí kí ẹ tó rí dókítà."

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó fà á lọ́wọ́ wá. "Ìwọ tí etí rẹ ṣì dá ṣáṣá, kí ló wí?"

Ìyàwó ní ohun tí ó gbọ́ náà ni òun gbọ́. Kò kàn yé òun náà ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín fún obìnrin yìí. Aago ni ọkọ rẹ̀ ń tún ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń ṣú bí ọjọ́ òjò. Ní oṣù tó kọjá, ó to aago ilé ẹ̀kọ́ kan sódì, àwọn ọmọ sì gba ìdáǹdè kí olùkọ́ tó pe orúkọ wọn tán. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni yóò pa á.

Wọ́n lọ bá dókítà àkọ́kọ́. Ó so nǹkan mọ́ ọn lápá, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kó yọ ahọ́n.

"Dókítà, ojú ni mo gbé wá. Àbí ahọ́n ni yóò júwe ọ̀nà fún un?"

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ru kọjá ààlà. Ọpẹ́ ni pé ẹ kọ́kọ́ yà síbí."

Bàbá ní, "Ṣé ojú ló fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ló fi ojú ránṣẹ́?"

"Ẹ lo oògùn ná," ni ìyàwó wí. "Ẹ ó bi wọ́n tí ara bá yá."

Wọ́n fún un ní ìwé, dókítà ojú gbà á wọlé, ojú náà sì là. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò gba aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tí onítọ̀hún bá mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òwú ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Mọ́mì, kí lẹ mọ̀ nípa aago?" ni oníbàárà kan bi í.

"N kò mọ nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń fi í ránṣẹ́ nìyẹn."

Bátìrì ló kú nínú ìdajì àwọn aago tí wọ́n ń gbé wá. Ìyàwó ń pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ń dá àwọn oníbàárà padà sílé.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó ṣí dúrọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀, ó bá gbogbo ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ sí i níbẹ̀, èsì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí èyí tó gbẹ̀yìn, ó ti kọ ọ́ pé: "Aago ògiri. Ó ń sáré jù. Ẹ má gbàgbé oògùn yín." Bàbá sì fi lẹ́tà tíntìntín dáhùn: "Mo ti lò ó, dókítà mi. Ìwọ náà, lọ jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó ti dúrọ́ọ̀ náà pa, ó dìde, ó lọ jẹun.