Òòró fún Ọkọ, Ìbú fún Ìyàwó

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ló ń lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró ti áyọ́ọ̀nù. Tó bá fi máa délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú débi pé bàtà fúnra rẹ̀ á máa wá ibi tó máa gbà sá. Síbẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn. Ọkọ rẹ̀ ń dúró de àdììtú inú ìwé ìròyìn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ náà kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí òun náà sì tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ọ̀sán, òun àti ògiri ló jọ ń wo ara wọn. Ìwé ìròyìn àná, tí wọ́n ti kà tán ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn, ni ìyàwó máa ń mú bọ̀ wálé. Wọ́n ti pín àdììtú ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tó gba ara wọn kọjá kún inú àpótí kéékèèké, láàárín ara wọn: ọ̀rọ̀ tó wà ní òòró jẹ́ ti ọkọ, ti ìbú jẹ́ ti ìyàwó. Àsìkò yẹn nìkan ni ọkọ ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ìyàwó ò sì lè lanu sọ pé ó ti rẹ òun.

Ó bá dá ọgbọ́n kan. Ìwé ìròyìn òní ló ń gbé ìdáhùn ti àná jáde, ti òní sì wà lórí tábìlì ọ̀gá. Tó bá gbé aṣọ kọjá níbẹ̀, á yọjú wò ó, á há a sórí. Tó bá délé, á nà sórí àga, á dijú, á máa dáhùn. Kíá, wọ́n ti parí, ó di oorun. Ọkọ ń gba ojú fèrèsé yangàn fún àwọn ará ilé pé ọpọlọ ìyàwó òun mú ju abẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan, oorun ti kún ojú ìyàwó níbi iṣẹ́, ló bá fa ìwé ìròyìn ọjọ́ mìíràn yọ dípò ti àná, ó sì mú un bọ̀ wálé. Ìdáhùn ti àná ló sì há sórí.

“Ìyáàfin Ìbú, ó yá. Ẹranko tí wọ́n ń gùn.”

“Ṣíbí.”

Ọkọ tún ìbéèrè náà wò. “Ṣíbí?”

“Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó dáa. Ibi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́.”

“Ilé àna.”

“Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn ni mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀.”

Ìyàwó lajú. Ó rí ọkọ tó ń fi rọ́bà pa òòró tirẹ̀ rẹ́, èyí tó tọ̀nà, kí ṣíbí lè ráyè wọlé.

“Bàbá wọn, kí lẹ ń pa rẹ́?”

“Mò ń ní kí wọ́n sún. Èrò ń wọlé.”

Ìyàwó jókòó dáadáa. “Mo máa ń wo ìdáhùn níbi iṣẹ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Mo mọ̀. O máa ń dáhùn kí n tó ka ìbéèrè tán.”

“Ẹ wá ń wò mí níran? Ṣebí àdììtú lẹ máa ń dúró dè.”

“Ìlẹ̀kùn ni mò ń dúró dè, pé kó ṣí.” Ó ti ìrọ̀rí sí i. “Sùn.”

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ń sùn, ọkọ ń ka ìbéèrè ìbú sókè fún un. Tó bá hanrun, ọkọ á ní ìdáhùn gan-an nìyẹn, á sì bọ́ sí èyí tó kàn.