Ẹ̀rọ Onígi Inú Pálọ̀ Mi

Lọ́dún tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ́kọ́ ju sátẹ́láìtì sójú ọ̀run, ọ̀gá òyìnbó ọ́fíìsì wa sọ fún wa pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí a ó fi máa gbọ́ ohùn irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ láti Èkó. Títú ni wọn yóò tú u sínú àpótí, òyìnbó kan yóò sì wá láti Lọ́ńdọ̀nù wá tò ó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi tò ó. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o di tọ́ọ̀ṣì mú fún un."

Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo ti ń tún rédíò ìjọba ṣe fún ọdún mẹ́jọ! Mo ní irọ́ ni, kò ní ṣẹ. Àwòrán ẹ̀rọ náà ti dé ṣáájú rẹ̀, mo da gbogbo ìwọ̀n inú rẹ̀ kọ. Mo ra pákó àti páálí ní Ṣómólú, mo sì kan ẹ̀rọ náà sínú pálọ̀ mi ní Abúlé Òkúta, bó ṣe ga gan-an, bó ṣe fẹ̀ gan-an. Ṣebí télọ̀ tó gbọ́n, bébà ló ń kọ́kọ́ gé kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan léèsì.

Bàbá onílé yọjú, wọ́n kígbe. "Pósí ta lo gbé wọ ilé mi?"

"Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, Bàbá."

Wọ́n ní kí n gbé e jáde. N ò gbé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, mo ń tú u, mo ń tò ó bí àwòrán ṣe wí. Ibì kan náà ni ọwọ́ mi máa ń há sí, níbi nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, ní inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gíláàsì ẹlẹgẹ́ kan. Páálí ni mo fi ṣe gíláàsì náà, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Ìyàwó mi, ọmọ apẹja Ìlàjẹ, ti ń bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ náà kó tó lè dé yàrá. Ó sú u.

"Ẹ̀yin bàbá yìí! Bí àwọ̀n bá ya láàárín, ta ló ń ti etí bẹ̀rẹ̀? Ẹ ti inú wá."

Mo ti inú wá. Gbogbo rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́.

Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù dé, mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó tẹ̀lé àwòrán, ọwọ́ rẹ̀ sì há síbi tí mo mọ̀ pé yóò há sí. Gíláàsì náà ń gbọ̀n, kò sì sí òmíràn ní gbogbo Èkó.

"Ẹ dúró, sà. Ẹ tú u. Inú ló ń ṣáájú."

"Ta ló sọ fún ọ?" Ọ̀gá wa ló bi mí.

"Mo ti ń tò ó nílé mi títí ó fi sú ìyàwó mi."

Ọ̀gá ní kí n panu mọ́. Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù wo ọwọ́ rẹ̀ tó bó, ó wò mí, ó sún sẹ́yìn. Mo bọ́ síwájú, mo tú ohun tó ti tò. Nọ́ọ̀tì inú lọ́hùn-ún ni mo kọ́kọ́ mú, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Mo na tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀gá wa láìbojú wẹ̀yìn.

"Ẹ bá mi dì í mú, sà."

Ó dì í mú.