Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀kọ Jùbrílù

Ọjọ́ tí Jùbrílù télọ̀ kọ́kọ́ wá sílé bàbá Sùlíátù ní Èsìẹ́, tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó, Sùlíátù ló gbé omi jáde. Ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ tọ́ omi náà wò kí ó tó gbé e fún àlejò, nítorí ẹni tó bá bu omi fúnni ni í kọ́kọ́ mu níbẹ̀, kí ọkàn ẹni tí a bu ú fún lè balẹ̀. Jùbrílù kò jẹ́ kí ife náà dé ẹnu rẹ̀. Ó gbà á, ó gbé e mì tán, ó ní, "Ọwọ́ yìí kò lè fún mi ní ohun tí yóò pa mí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ọkọ yìí mà kánjú o, kò tilẹ̀ lè ní sùúrù kí ọmọ fi ẹnu kan omi. Wọn kò parọ́ mọ́ ọn.

Ọwọ́ Jùbrílù mọ aṣọ í rán ju ti télọ̀ èyíkéyìí láti Èsìẹ́ dé Àrán-Ọ̀rin, ṣùgbọ́n aṣọ kì í parí lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò gé bùbá ẹnì kan, yóò rántí ṣòkòtò ẹlòmíràn, yóò dìde láti lọ ra òwú, yóò bá ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pàdé lójú ọ̀nà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í mutí. Orí rẹ̀ ni kì í gbé ojú kan, láti kékeré sì ni. Alùfáà tó kọ́ ọ ní kéwú nà án títí ó fi rẹ alùfáà. Bí Sùlíátù bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí ó tó dé ìdí ọ̀rọ̀, Jùbrílù ti jáde síta. Sùlíátù a máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà pé òun ní ọkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Owó epo rọ̀bì wá wọ̀lú. Gbogbo ọmọ Èsìẹ́ tó wà l'Ékòó ń gbé léèsì wálé, wọ́n fẹ́ fi ṣe òkú, wọ́n fẹ́ fi gbéyàwó, kí ẹni tó bá mọ aṣọ í rán sáà ti di olówó ni. Ọdún yẹn gan-an ni bàbá ìyàwó kan, Bàbá Ọláìyá, wá gba agbádá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí ó bá a pẹ̀lú apá kan ṣoṣo. Ariwo tó pa lójúde kò ṣe é gbọ́ sétí. Ó bú Jùbrílù, ó bú ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó bú ìyàwó tó wà nílé tí kò lè mú ọkọ rẹ̀ jókòó. Ìtìjú yẹn ni Sùlíátù ń sunkún rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Hàmídù, tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó iṣu lọ sí Èkó, yà sí ilé wọn. Hàmídù mú páálí ìṣáná kan jáde lápò, ó da hóró oògùn funfun sí ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

"Ohun tí àwa awakọ̀ fi ń lé oorun nìyí," ó wí. "Fún un kó lò ó. Bí kò bá sùn, á rí àkókò ránṣọ."

Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé nígbà tí Hàmídù bá lo oògùn yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ojú rẹ̀ á yọ síta. Jùbrílù lò ó, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, kò dìde títí a fi pe ìrun ọ̀sán. Ó parí agbádá kan, ó mú òmíràn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ní, "Ìyá Ràfátù, kí ni ọ̀rọ̀ tí o ń bá mi sọ níjẹta, tí mo fi jáde?" Sùlíátù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dé ìdí, ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Sùlíátù dìde wọ yàrá lọ, ó sunkún ayọ̀.

Ọdún púpọ̀ kọjá lórí páálí ìṣáná yẹn. Jùbrílù di télọ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ wá láti Ọ̀mù-Àrán. Ó kọ́lé bíríkì, ó ra rédíò, Ràfátù ọmọ wọn sì wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Òrò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń gbẹ. Bí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ̀, á gé òkèlè bíi mẹ́ta, á ní òun ti yó. Òun tó ń ránṣọ fún gbogbo ayé, dídín ṣòkòtò ara rẹ̀ kù di iṣẹ́ ọdọọdún. Kì í rí oorun sùn dáadáa. Orí ń fọ́ ọ. Ó wá ń kanra, kí ọmọ iṣẹ́ kàn sọ abẹ́rẹ́ nù lásán, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọwọ́ Sùlíátù lé igbá àyà rẹ̀.

"Gbọ́ ọ," ó wí. "Mo jókòó o, mi ò ṣe nǹkan kan, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Oògùn yẹn ni. Mo ti fi í sílẹ̀ láti òní lọ."

Ó da èyí tó kù sínú ṣáláńgá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ Sùlíátù, inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ sùn, ó jẹun, ẹran padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àfi pé Jùbrílù àtijọ́ náà padà dé. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wà láìlápá, láìlọ́rùn. Àsìkò náà kò sì dára mọ́. Owó ti tán nílùú, àwọn tó ń gbé léèsì wá tẹ́lẹ̀ ti ń ṣa òkìríkà wọ̀, ìwọ̀nba àwọn tó kù kò sì ní sùúrù fún télọ̀ tí ń sáré kiri. Wọ́n ń wá kó aṣọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ràfátù ránṣẹ́ láti Òrò pé wọ́n fẹ́ lé òun jáde kíláàsì nítorí owó ilé ẹ̀kọ́. Sùlíátù fẹ́ sọ èyí fún ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí ó tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ọkọ ti wà lóde, ó ń wo ewúrẹ́ tó gun orí ògiri.

Ẹ̀yìn yẹn ló tún bá sọ̀rọ̀. Bí ẹni bá bi í títí di òní ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, yóò ní torí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé ẹ̀yìn yẹn ni.

Oṣù ààwẹ̀ ló wọlé. Sùlíátù gba páálí ìṣáná lọ́wọ́ Hàmídù, ó ní òun fẹ́ bá ọkọ òun tọ́jú rẹ̀. Ní sààrì ọjọ́ kejì, kí ọkọ rẹ̀ tó jí, ó fi ọmọ ọlọ lọ hóró kan kúnná, ó dà á sínú ẹ̀kọ gbígbóná, ó da oyin lé e. Jùbrílù mu ún, ó fajú ro.

"Ẹ̀kọ yìí ń korò díẹ̀."

"Ògì ló kan jù," Sùlíátù dáhùn.

Ó gbé e mì tán. Láti ọjọ́ tó ti gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó tọ́ ọ wò, kò fura sí ọwọ́ yẹn rí.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló bo Sùlíátù láṣìírí. Ààwẹ̀ pàápàá bò ó. Ẹnu Jùbrílù gbẹ, ó ní ààwẹ̀ ni. Ebi kò pa á, ó ní Ọlọ́run ló ń bọ́ òun. Kò rí oorun sùn, ó dìde ó ń kírun òru. Àyà rẹ̀ ń lù, ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ ọdún fún ará ìlú. Nígbà tí oṣù yóò fi lé, kò sí aṣọ kan tó kù láìparí.

Sùlíátù ti bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé bí ọdún bá ti kọjá, òun yóò dáwọ́ dúró. Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọdún, Jùbrílù dìde ní mọ́sálásí níwájú Alùfáà Àbúdùlàhí àti gbogbo jàmáà. Ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́. Ó ní láti kékeré ni orí òun ti ń sá kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn, oògùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ti wo òun sàn. Ó sunkún. Alùfáà gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣe àmín. Lẹ́yìn pátákó níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí, Sùlíátù náà ṣe àmín.

Láti ìgbà náà ni Jùbrílù ti ń gbààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kí ìwòsàn rẹ̀ má bàa bọ́. Ìlú ń pè é ní Bàbá Aláàwẹ̀. Wọ́n ń fi í bú àwọn ọkọ mìíràn. Bí Sùlíátù bá dáwọ́ oògùn dúró, ọkùnrin yìí yóò rò pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́wọ́, kí ni yóò sọ? Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta, ó ń lọ hóró, ó ń da oyin. Jùbrílù ń gbẹ sí i, Sùlíátù ń wò ó. Òru kò ṣe é sùn fún Sùlíátù náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lo oògùn kankan. Wọ́n ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Jùbrílù ṣubú sórí ẹ̀rọ. Wọ́n gbé e dé ọsibítù kan ní Ọ̀mù-Àrán. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó tún gbọ́ ọ. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú.

"Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Kò sí," Jùbrílù dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èémí kò tó o. "Mo ti lo oògùn àwọn awakọ̀ rí. Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo ti fi í sílẹ̀. Ìyàwó mi nìyí, ẹ bi í."

Dókítà yíjú sí Sùlíátù. "Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ fún wọn yìí, bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà lára, mi ò gbọ́dọ̀ fún wọn."

Jùbrílù ń wo ìyàwó rẹ̀. Ó ń dúró kí ó jẹ́rìí òun. Sùlíátù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ó wà lára wọn," ó wí. "Láàárọ̀ yìí náà, ní sààrì. Inú ẹ̀kọ ni mo máa ń fi sí. Wọn kò mọ̀."

Jùbrílù la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Sùlíátù rò pé èpè ló ń bọ̀, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

"Ààwẹ̀ yẹn ńkọ́?" ni ohun tí ọkùnrin náà bi í. "Ṣé kì í ṣe ààwẹ̀ ni?"



Lẹ́yìn náà, dókítà pe Sùlíátù síta. Ó ní oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá irú orí bẹ́ẹ̀. Lókè òkun, wọ́n máa ń fi í tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kì í gbé ojú kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, a gbọ́dọ̀ máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ká máa gbọ́ ọkàn rẹ̀, ká máa wo bó ṣe ń jẹun. Ó ní òun kò lè búra pé oògùn nìkan ló ba ọkàn Jùbrílù jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru lè ti wà nínú ìdílé. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀ fúnra wọn," ó wí, "ara wọn ló kìlọ̀ fún wọn." Gbólóhùn yẹn ni Sùlíátù gbé lọ sílé.

Jùbrílù kò kọ ìyàwó rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Alùfáà pàápàá kò gbọ́ ọ. Wọ́n ní kó má gbààwẹ̀ mọ́, ó ń bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ ẹ̀rọ pẹ́. Ó máa ń gé aṣọ díẹ̀, á gbàgbé rẹ̀, á lọ wo nǹkan mìíràn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó délé, Sùlíátù gbé ẹ̀kọ wá, ó kúnlẹ̀. Jùbrílù gba igbá náà, ó wò ó, ó sì nà án padà sí i.

"Ìwọ kọ́kọ́ mu."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Sùlíátù mu ún, ó dá a padà, ọkọ rẹ̀ wá mu tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀kọ ni o, omi ni o, ọbẹ̀ ni o.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ní òwúrọ̀ kan, Sùlíátù gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀ níta. Jùbrílù ń wo àwọn ẹyẹ tó ń jà lórí igi mángòrò, ó na ọwọ́, ó gba igbá, ó sì gbé e sẹ́nu tààrà. Sùlíátù bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé ó ti dárí jì mí ni, àbí ó kàn gbàgbé? Orí ọkùnrin yìí, ohun gbogbo ni í gbàgbé. Ó fẹ́ bi í, ẹ̀rù bà á. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbàgbé ni, ìbéèrè náà ni yóò rán an létí.

Ó na ọwọ́, ó gba igbá náà lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ mu níbẹ̀, ó sì gbé e padà fún un.