Bí A Ṣe Ń Ṣubú fún Ọ̀gá

Mo padà sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti yunifásítì Dákà pẹ̀lú àpótí ìwé méjì àti ìdánilójú pé kò sí ohun tí n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òmìnira wa kò tíì pẹ́. Ìjọba ń yí padà débi pé ní ilé-ìwé tí wọ́n fi mí sí láti máa kọ́ni, a kì í yọ ìṣó kúrò lára ògiri mọ́. Àwòrán ààrẹ nìkan la ń pààrọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà ló kọ́ mi ní a, b, d nígbà tí mo wà ní kékeré. Ará ìhà Pọ́bẹ̀ ni wọ́n, ìjọba ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa, wọn kò sì padà mọ́. Àwọn ni wọ́n lọ bẹ bàbá mi pé kó má fi mí sóko. Bí ẹnì kan bá wà láyé tí n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ni.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn ará Ṣáínà kan wá ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ wa bí a ṣe ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé nítòsí ilé mi. Mo ń kọ́ ọ ní Faransé, òun náà ń kọ́ mi ní tàìjí, ìjà ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń fi agbára inú jà. Àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ a dúró wò wá bí a ṣe ń gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú omi. Ìyá àgbà kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ara rẹ le ṣá? Ṣé Dákà ni wọ́n ti ṣe ọ́ báyìí?"

Ẹ má rò pé arúgbó onírùngbọ̀n funfun tó ń pa òwe ni olùkọ́ mi yìí. Ọ̀rọ̀ tó sọ jù lọ ni pé ata wa ń jó òun nínú. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń ti ènìyàn. Nínú ẹ̀kọ́ náà, ẹni méjì á kojú síra, ọrùn ọwọ́ á kan ọrùn ọwọ́, oníkálukú á máa wá ibi tí ìdúró ẹnì kejì kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá tì ọ́, má fi agbára kọ̀ ọ́. Rọ̀, yà, jẹ́ kí agbára rẹ̀ kọjá lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jókòó sínú erùpẹ̀ kó tó yé ara mi.

Ọ̀gá gbọ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kọ́ ọ. Ará Ṣáínà tì wọ́n bó ṣe ń ti gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá fìdí jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ funfun. Àwa olùkọ́ mẹ́ta tó wà níbẹ̀ sáré gbé wọn, a ń gbọn erùpẹ̀ nù, à ń wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ilẹ̀ ló ń yọ̀." Ilẹ̀ náà gbẹ táútáú.

"Ọmọ tí a kò kọ́ nílé ni," ni ọ̀gá wí nípa ará Ṣáínà náà. Wọn kò padà síbẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n dá ẹ̀kọ́ tàìjí tiwọn sílẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé, láàárọ̀ Sátidé, fún gbogbo olùkọ́.

Ta ló máa ti ọ̀gá? Ọmọ Yorùbá wo ló máa nawọ́ sí àyà ẹni tó lè bí i, kó sì tì í? Bí ọwọ́ wa bá ti kan ọrùn ọwọ́ wọn, àwa fúnra wa la máa wá ibi tí a óò ṣubú sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kàn ń ta sẹ́yìn díẹ̀ ni. Nígbà tó pẹ́, olùkọ́ ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni tí ẹṣin ta nípàá. Ẹnì kan tilẹ̀ ṣubú kí ọ̀gá tó nawọ́. Ọ̀gá wò ó nílẹ̀, wọ́n mi orí: "Agbára inú nìyẹn." Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣubú jù, nítorí mo ti kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé mi ṣubú lóòótọ́.

Ará Ṣáínà kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣubú?"

"Àgbà wa ni wọ́n."

"Tí wọ́n bá ń gun kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ṣé igi á yà fún wọn?"

Mo ní kò lè yé e, àṣà wa ni. Bí mo ṣe ń fún ìbẹ̀rù mi lórúkọ rere nìyẹn.

Nígbà tí àjọ̀dún òmìnira ku ọjọ́ méjì, ọ̀gá kéde pé bí àwọn èèyàn ìjọba bá ti sọ̀rọ̀ tán ní pápá, àwọn yóò dúró níwájú gbogbo ìlú, kí ẹnikẹ́ni tó bá láyà wá ti àwọn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Egungun wọn kò gbọ́ nǹkan kan nípa agbára inú. Mo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá tì wọ́n ní títì gidi, wọ́n á ṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún wọn bí kì í ṣe èmi.

Mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí pápá.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ọ̀la ni mo bá wá."

"Ẹ̀rù mi ń bà ọ́?"

"Rárá o, ọ̀gá. Títì tí àwa ń ṣe yẹn, ṣé ẹ rí i..."

Inú wọn dùn débi pé wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Wá, tì mí. Tì mí dáadáa, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Ọwọ́ mi kan ọrùn ọwọ́ wọn. Mo rí ibi tí ìdúró wọn ti ṣófo. Ó hàn gbangba bí ilẹ̀kùn tí a kò pa dé. Ìka méjì ni ì bá gbà. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ dá ìwé kà níwájú wọn. Mo fò sẹ́yìn, mo kọlu tábìlì, mo da omi wọn nù.

"Ó tó," ni wọ́n wí. "O ti rí i."

Mo ti rí i.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, àwa olùkọ́ ṣubú ní pápá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ kan láti Kábùà, tó gbé iṣu tuntun wá tà, jáde síwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ ná.

"Bàbá, ẹ ní kí n tì yín?"

"Tì mí."

"Lóòótọ́?"

"Ṣé etí rẹ di ni?"

Ó yíjú sí àwọn ará ìlú rẹ̀. "Ẹ jẹ́rìí mi o! Bàbá fúnra wọn ló ní kí n ti àwọn."

"Tì wọ́n jàre!" ni ẹnì kan kígbe. "Ṣùgbọ́n rọra o, ẹrù ìjọba ni!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo tì wọ́n, bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn. Ẹsẹ̀ ọ̀gá kọ́ ara wọn, wọ́n fi ìbàdí lu òkúta. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Àgbẹ̀ náà ló kọ́kọ́ kígbe, "Mo gbé!" Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Ọkọ̀ ojúurin ló gbé ọ̀gá lọ sí ilé ìwòsàn ní Kútọnu. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pá méjì ló wà lábíyá wọn. Mo lọ kí wọn. Wọ́n ní kí ìyàwó wọn bá wa pa ilẹ̀kùn dé.

"Sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tí ẹ ń ṣubú yẹn..."

Wọn kò parí rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "oògùn ni àgbẹ̀ yẹn lò."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi náà fura," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ rẹ̀ gbóná."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ti gbọ́ pé ẹni tó kàwé dé Dákà ló fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà mọ́. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tó ń bù sí ebè rẹ̀.

Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà Kábùà nígbà tó yá. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ kó lè rí àyè dọ̀bálẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi sọ fún wọn. N ò ní oògùn kankan. Wọ́n ní kí n tì ni mo ṣe tì."

Mo ní màá bá a sọ.

Ó dúpẹ́ títí. Ó ṣa iṣu méjì tó tóbi jù nínú ẹrù rẹ̀, ó ní dandan ni kí n gbà á. Mo gbà á, mo gbé e relé, a fi gúnyán. Ọ̀gá ti kú báyìí, àgbẹ̀ náà kò ná ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́, n kò sì tíì bá a sọ.