Ọjọ́ Tí Mo Kan Irin fún Ọ̀gá

Mo rántí ìgbà tí ariwo páànù máa ń tẹ̀ lé mi délé. Màá ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Agége, etí mi á ṣì wà ní Ìkẹjà, nílé iṣẹ́ abọ́ tánganran tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ páànù di abọ́. Ohunkóhun tó bá bá lábẹ́ ara rẹ̀ ni yóò tẹ̀, ì báà jẹ́ páànù, ì báà jẹ́ ọwọ́ èèyàn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n èyí tí mo kà yẹn tó mi láti bẹ̀rù ẹ̀rọ náà, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ dáadáa. Ojo ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀, torí ẹ̀rù ìjà náà ń bà mí.

Ọ̀gá fọ́mánì wa ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Tí ariwo bá ti sọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ò lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ; dídún irin nìkan ló ń la ariwo náà kọjá. Nítorí náà, kí ọ̀gá tó tẹ ẹ̀rọ, á fi sípánà kan irin lẹ́ẹ̀mẹta, á sinmi díẹ̀, á tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Kó, kó, kó. Kó, kó. Bí a bá ti gbọ́ ọ báyìí, gbogbo wa á ju ọwọ́ méjèèjì sókè, a ó la ìka, a ó sì dáhùn pé, "Ó pé!" Ọ̀gá á wo ọwọ́ wa yí ká, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ rẹ̀ kó tó jẹ́ kó lọ síléèwé, kó tó wá tẹ ẹ̀rọ. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó fi ìka sílẹ̀ níbẹ̀.

Inú orin àwọn ará Kúbà ni ọ̀gá ti mú mẹ́ta àti méjì yẹn wá. Ó ní àwọn àwo àtijọ́ tó máa ń nù bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ó sì ń fọn fèrè tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Òun ló kó wa jọ, àwa òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ, tí a fi di ẹgbẹ́ olórin, tí a ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Agége lọ́sàn-án Sátidé. Àgbà kan nínú wa, tó ń pa ẹran ní Oko Ọba báyìí, ló ń lu ìlù kọ́ńgà. Èmi ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó mọ orin náà máa ń bi wá pé igi méjì tí wọ́n fi ń lu mẹ́ta àti méjì dà. A ò ní in. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, gbogbo wa ló fi ohun èlò sílẹ̀, tí a gbé ọwọ́ sókè. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá ní kí kálukú máa kàn án nínú orí ara rẹ̀.

Ọjọ́ kan, ó na sípánà sí mi, ó ní kí n kan irin fún òun. Mo ní inú ń run mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà gan-an ni mo ń wá. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà ò ní wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni." Inú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í run mí lóòótọ́, mi ò sì gba sípánà náà.

Ilé iṣẹ́ yẹn kógbá sílé. Ọ̀gá náà kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ń pè mí ní Bọ̀dá láti kékeré, wá di ẹni tó ń fọn fèrè ju bàbá rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní sọ ọ́ níbi tí ọ̀gá ti lè gbọ́. Ó ní òun fẹ́ ṣe odindi àwo orin jáàsì Kúbà láti fi yẹ́ bàbá òun sí, àti pé àwọn èèyàn bàbá òun gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ń ro bí n ó ṣe sọ fún onígbàjámọ̀ àdúgbò wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo òpópónà wa ló ti mọ̀ pé mo ń lọ sí sitúdíò.

Ẹ̀yìn òpópónà Allen ní Ìkẹjà ni sitúdíò náà wà. Wọ́n fi nǹkan bo etí wa, wọ́n ti wa mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì, ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ẹ̀rọ bá fi ìró igi méjì náà sínú kọ̀ǹpútà kó lè máa fi ìwọ̀n orin hàn wá. Kó, kó, kó. Kó, kó. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi jábọ́ sílẹ̀. Èmi àti onílù kọ́ńgà na ọwọ́ sókè bí ẹni tí olè dá lọ́nà, a sì pariwo, "Ó pé!"

A tún un ṣe. Ọwọ́ wa tún sá. A tún un ṣe, àgbà náà fi ẹsẹ̀ di ìlù rẹ̀ mú, síbẹ̀ ọwọ́ sá. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, Dádì, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀." Ojú onígbàjámọ̀ ni mo ń rí lọ́kàn mi, tó ń fi mí ṣẹ̀sín.

"Ìwọ ojo yìí," onílù kọ́ńgà ní, "o ti kó èèràn ran èmi náà."

Ọmọ ọ̀gá wọlé wá bá wa, ó ní kí ló ń ṣe wá. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ irin náà fún un.

Ó wá ní, "Tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn nílé wa, bàbá mi á yọ ọwọ́ kúrò nínú abọ́ oúnjẹ, á gbé e sókè. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀dí ẹ̀ rí."

Ó nu ojú, ó ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà. Ó yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa kàn án."

Mo wo ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n onílù kọ́ńgà, tó gba Oko Ọba wá tààrà, ti fa irin tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ yọ nínú báàgì, ó ti fi lé mi lọ́wọ́. Mo kan ẹsẹ̀ àga. Mẹ́ta. Méjì. Àgbà náà gbé ọwọ́ sókè, ọmọ ọ̀gá náà gbé e, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá àti dùùrù wo ara wọn, wọ́n gbé tiwọn. "Ó pé!" Mo wo ìka wọn yí ká, mi ò kánjú. Lẹ́yìn náà ni mo mi orí sí ọmọ ọ̀gá pé ó yá, fèrè sì wọlé bí ìgbà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dé. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sá mọ́. A ti dá irin lóhùn.

Bí orin àkọ́kọ́ inú àwo náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò gé nǹkan kan kúrò. "Ó Pé" ni wọ́n pe àwo náà. Onígbàjámọ̀ wa máa ń gbé àwo náà sí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní Agége sì ti kọ́ ọ: bí irin bá ti dún, wọ́n á ju ọwọ́ sókè lórí ìjókòó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Eré ni lójú wọn. Èmi a máa jókòó sí igun tèmi, ẹ̀rù á ṣì máa bà mí díẹ̀, màá wo ìka wọn yí ká kí fèrè tó wọlé. Ó máa ń pé.