Ẹkún Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní Fèrè

Aránṣọ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí maṣíìnì, rédíò kì í sì í dákẹ́ létí rẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu-Ṣúgà máa ń sọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ olórin: àwọn bàbá àgbà tó ń fọn kàkàkí, àwọn onígìtá, títí dórí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń fi kọ̀ǹpútà lu ìlù. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó mọ irọ́ pa náà.

Lọ́jọ́ tó kan àwọn onígìtá, ó ní, "Ẹ gbọ́ bí fèrè yẹn ṣe ń sunkún! Ọgbọ́n afọnfèrè wọn nìyẹn. Àbúrò ọ̀gá wọn ló sì kọ ohùn òkè."

Maṣíìnì dúró gbagidi. Àbúrò ọ̀gá kẹ̀? Èyí tó jẹ́ pé tó bá kọrin, adìyẹ á sá wọlé? Òun aránṣọ ló kọ ọ́, tòun tọmọ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn! Fèrè kọ́, ọmọ ló ké nígbà tí wọ́n ń gba orin náà sílẹ̀, ọ̀gá sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ara páálí àwo orin náà, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Àbúrò ọ̀gá bá bọ́ sí àyè rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó joyè.

Ó pe ọmọ náà, tó ti di ìyá ọlọ́mọ. "Dìde, ilé rédíò yá."

"Màmá, lẹ́yìn ogójì ọdún?"

"Ogún ọdún ni òwe fún irọ́. Ta ló fún un ní ogójì?"

Òpópó méjì péré ló wà láàárín. Ètò ò tíì parí tí wọ́n fi débẹ̀. Orin mìíràn ló ń lọ lọ́wọ́. Ẹlẹ́nu-Ṣúgà kọ́kọ́ wo sílípáàsì ẹsẹ̀ aránṣọ kó tó wojú rẹ̀. Aránṣọ sọ fún un pé òun lòun kọ ohùn òkè yẹn, ọmọ òun ló sì ń ké, kì í ṣe fèrè.

"Màmá, inú ìwé ni mo ti kà á."

"Ṣé ìwé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni? Fi orin yẹn sí i kí n gbọ́."

Ó fi í sí i. Ẹkún dé. Aránṣọ na ìka sókè. "Fetí sí ìsàlẹ̀."

Ohùn obìnrin kan ń tu ọmọ nínú nísàlẹ̀ orin. Aránṣọ la ẹnu, òun àti ohùn náà sọ ọ́ pọ̀: "Dákẹ́, ìyá mi, ó kù díẹ̀."

Ohùn kan náà ni, àfi pé ó ti há. Ọmọ rẹ̀, tójú ti ń tì látàárọ̀, bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí ó fi dàgbà nìyẹn.

Ẹlẹ́nu-Ṣúgà nu ojú. "Ẹ má bínú, Màmá. Mà á tún un sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo pa irọ́ ẹ ni?" Ó fa àga, ó jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ṣí i."

Ó ṣí i.