Òṣómàáló Létí Odò

Ọkọ mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú òun. Ohun funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, dókítà sì ti sọ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé bó bá wọlé láàárọ̀, á ti padà sílé lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Joliet, lẹ́bàá Chicago, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ọ́ fún Ìjẹ̀ṣà tí bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn nílé, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde. Bàbá náà kò ríran mọ́ títí ó fi kú. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún ọkọ mi, yóò wá àwáwí kan. Nígbà kan, ó ní òtútù ti pọ̀ jù. Ní Chicago! Ẹ gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn.

Nígbà tó tún fi ọkọ̀ ha ilẹ̀kùn gáréèjì wa ní Matteson, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ló dùn mí, ẹ̀rù ló bà mí. Ẹkún yẹn ló mú kó bá mi ṣàdéhùn. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbọ́ pé wúrà wà nínú odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìyá òun kò sì jẹ́ kí òun tẹsẹ̀ bọ odò kankan rí.

"Ìyá wọn, jẹ́ ká lo vacation wa lápá òkè lọ́hùn-ún, níbi táwọn èèyàn ti ń wa wúrà. Tí mo bá fi ojú mi yìí rí wúrà nínú odò, I promise, màá ṣe surgery yẹn."

"Wúrà tí ọkùnrin Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ wọ̀?"

"Mi ò ní mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo ní mo fẹ́ rí i."

Bí a ṣe gbọ̀nà àríwá nìyẹn. Èmi ni mo wakọ̀ dé inú igbó Michigan, òun sì ń júwe ọ̀nà fún mi bí ẹni tó ń rí i. Ilé pákó kékeré kan la háyà. Kò sí nẹ́tíwọ́kì níbẹ̀, ẹ̀fọn ibẹ̀ kò sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Obìnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ta ọpọ́n pẹrẹsẹ fún wa, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá: bu yanrìn odò, bu omi sí i, máa fì í yíká kí omi máa gbé yanrìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ mi lóṣòó sétí odò. Ẹ ò rí bó ṣe lóṣòó! Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n ń lọ lóṣòó síwájú ilé oníbàárà pé, "Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi."

Mo ní, "Òṣómàáló, ṣé odò jẹ yín lówó ni?"

Ó ní kí n gbájú mọ́ ọpọ́n mi.

Mo gbájú mọ́ ọn. Ẹ̀gbá ni mí, ìrẹsì ọ̀fadà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, nígbà tí òkúta inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ìrẹsì fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi omi yọ nǹkan nínú ọpọ́n? Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń ṣe é: mo fì í, mo dà á sínú korobá, mo tún fì í, mo tún dà á, títí tó fi ku ìdí ọpọ́n. Ọwọ́ mi yá ju ti ọkọ mi lọ, mo sì jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, korobá mi kún, ó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Yanrìn lásán nìyí. Ìdí ọpọ́n ńkọ́?"

"Ìdí wo?"

"Èyí tó ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀."

"Òkúta ni. Mo ti dà á nù."

Ó wò mí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Wúrà wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà bí òkúta inú ìrẹsì. Láti àná ni mo ti ń da ìsàlẹ̀ nù, tí mo ń tọ́jú ohun tó yẹ kí odò gbé lọ. Ọkọ mi jókòó sínú omi, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́fadà! O ti fọ wúrà mi bí ẹni fọ ìrẹsì!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀la la máa padà sílé, ó sì lè jẹ́ pé ojú ọkọ mi ni mo dà sódò.

Lọ́jọ́ kẹta, n kò ṣàwàdà mọ́. Mo lóṣòó tì í, orúnkún mi ń dún, mo ń tọ́jú ìdí ọpọ́n bí ẹyin. Ó ku díẹ̀ ká kó ẹrù nígbà tó pariwo. Nǹkan kan ń dán nínú ọpọ́n rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ imú, bó ṣe máa ń gbé fóònù.

"Ìyá wọn, wá wò ó! Ṣé òun nìyí?"

Obìnrin tó ta ọpọ́n fún wa ti sọ pé òkúta ẹlẹ́tàn tó jọ wúrà ló ń ṣú nínú ibòòji, pé wúrà gidi kì í ṣú. Mo fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Ó ṣú. Mo yọ ọwọ́, ó tún dán. Ọkọ mi ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

"Wúrà ni," mo ní.

"It's real?"

"Wúrà gidi ni, Dádì. Ó mà rẹwà o."

Ó rọra da gbogbo ohun tó wà nínú ọpọ́n padà sódò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ figbe ta.

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ," ó ní, "o ò tíì gbà fún mi rí láìjiyàn. Tí mo bá ní ilẹ̀ ti mọ́, wàá kọ́kọ́ lọ wo fèrèsé. Lónìí o kàn gbà wẹ́rẹ́. Kì í ṣe wúrà."

Mo gbé ọpọ́n tèmi kalẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ tó báyìí." Ó fọwọ́ tó tutù di ọwọ́ mi mú. "Tá a bá ti dé ibi tí network wà, call dókítà yẹn. Kí wọ́n bá mi ṣe ojú yìí kíákíá, kí o lè padà máa bá mi jiyàn."